Nígbà Tí Kèké Bá Yan Àwọ̀: Ipa Àkọsẹ̀bá Nínú Iṣẹ́ Ọnà Ìta Gbangba

Bí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé kèké ni wọ́n ṣẹ́ kí wọ́n tó mọ àwọ̀ tí yóò wà níbi kọ̀ọ̀kan lára ògiri ńlá kan ní ìta gbangba, ohun méjì ló sábà máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Èkíní: "Ṣé ọmọdé ò lè ṣe ìyẹn ni?" Èkejì: "Kí wá ni wọ́n ń sanwó fún oníṣẹ́ ọnà sí?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni méjèèjì, kò sì yẹ ká fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ẹni tó ń wo iṣẹ́ náà rò pé kèké ló ṣe gbogbo rẹ̀. Kèké kọ́ ló yan ògiri. Kèké kọ́ ló sọ pé àwọ̀ márùn-ún péré la máa lò, pé táìsì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ sẹ̀ntímítà 20 níbùú lóròó, pé a ò ní tún kèké ṣẹ́ bí èyí tó jáde ò bá wù wá. Ènìyàn ló pinnu gbogbo ìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ kèké tó burú, ẹ yẹ òfin tí wọ́n fi dè é wò kí ẹ tó dá kèké lẹ́bi.

Nǹkan mẹ́ta tí wọ́n ń kó sínú àpò kan

Oríṣi àkọsẹ̀bá mẹ́ta ló máa ń wọ iṣẹ́ ọnà, wọn ò sì jọra rárá.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí oníṣẹ́ ọnà fọwọ́ ara rẹ̀ fà: ó ṣẹ́ kèké, ó ta owó ẹyọ sókè, tàbí ó ní kí kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà. Láàrin ọdún 1913 sí 1914, Marcel Duchamp, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, mú òwú mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 1, ó jẹ́ kí wọ́n já bọ́ láti ibi tó ga ní mítà 1 sórí aṣọ tí wọ́n fi ń yàwòrán, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn bí wọ́n ṣe balẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀lé wíwọ́ òwú wọ̀nyẹn, ó sì ń fi wọ́n ṣe rúlà fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ wo iye nǹkan tó ti wà nílẹ̀ kí òwú tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: gígùn, gíga, iye ìgbà, àti ìpinnu pé kò ní fọwọ́ tún un ṣe.

Èkejì ni kí oníṣẹ́ ọnà ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún nǹkan tí kò lè darí, bí afẹ́fẹ́, omi, oòrùn tàbí àwọn tó ń kọjá. Ní Zadar, ìlú etí òkun ní Croatia, ayàwòrán ilé Nikola Bašić ṣe àtẹ̀gùn kan tó sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2005. Gígùn rẹ̀ tó mítà 70. Wọ́n pín in sí abala 7, fèrè 5 sì wà lábẹ́ abala kọ̀ọ̀kan, 35 lápapọ̀. Bí ìgbì bá rọ́ wọ ihò tó wà nísàlẹ̀, á ti afẹ́fẹ́ gba inú páìpù, fèrè á sì dún. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohùn tí yóò tẹ̀ lé èyí tó ń dún lọ́wọ́. Àmọ́ wọ́n ti to ohùn àwọn fèrè náà débi pé èyíkéyìí tó bá bá èkejì dún pọ̀, wọn kì í ta ko ara wọn. Òkun ń kọrin bó ṣe wù ú, ẹnì kan sì ti yọ orin burúkú kúrò nínú ohun tó lè kọ.

Ẹ̀kẹta ni èèṣì pọ́nńbélé: ohun tí ẹnikẹ́ni ò pè, tó ṣẹlẹ̀, tí oníṣẹ́ ọnà sì gbà. Iṣẹ́ ńlá kan tí Duchamp fi dígí ṣe là nígbà tí wọ́n ń gbé e padà láti ibi àfihàn kan tí wọ́n ṣe ní Brooklyn ní 1926 sí 1927. Ní 1936 ló jókòó tì í, ó to àwọn àfọ́kù náà padà, ó sì fi ojú lílà wọ̀nyẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ náà. Ó wà ní mùsíọ́mù Philadelphia báyìí pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀.

Oríṣi kẹta yìí ni àwọn aláṣejù máa ń fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ọ̀dà tó ṣí kúrò lára ògiri nítorí pé wọn ò jẹ́ kí kọnkéré gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kùn ún, àìmọṣẹ́ nìyẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pè é ní àkọsẹ̀bá fún yín. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ẹ béèrè bóyá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ì bá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Bó bá lè sọ ọ́, kì í ṣe èèṣì.

Fèrèsé Cologne

Iṣẹ́ kan wà tó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere, ó sì yẹ ká dúró tì í díẹ̀. Ní apá gúúsù Kàtídírà Cologne ní Jámánì, fèrèsé ńlá kan wà tí ayàwòrán ará Jámánì nì, Gerhard Richter, ṣe, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007. Ogun Àgbáyé Kejì ti ba dígí àtijọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́. Ohun tí àwọn aláṣẹ kàtídírà kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni àwòrán àwọn ajẹ́rìíkú ọ̀rúndún ogún. Richter gbé e yẹ̀ wò, kò bá a lára mu. Ó wá padà sórí iṣẹ́ kan tó ti ṣe ní 1974: àwòrán tó ní ojú 4,096, tí wọ́n fi àwọ̀ 1,024 ṣe, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan fara hàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin gééré, tó sì jẹ́ pé kèké ló yan ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Fèrèsé náà gba ojú dígí tó tó 11,500, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò pé sẹ̀ntímítà 10 níbùú lóròó, gbogbo rẹ̀ sì ju mítà onígun-mẹ́rin 100 lọ. Àwọ̀ 72 ni wọ́n lò. Kèké kọ́ ló mú 72 yìí: inú àwọn àwọ̀ tó ti wà lára àwọn fèrèsé àtijọ́ kàtídírà náà ni wọ́n ti ṣà wọ́n jọ. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ òde òní náà kò fi bá ilé tó ti wà láti ayébáyé jà. Ká ní ó gba kèké láyè láti mú àwọ̀ kankan tó bá wù ú, àwọ̀ kan tó ń tàn yanran lè jáde láàrin wọn, ojú ò sì ní kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ìpinnu kejì ló jinlẹ̀ jù lójú tiwa. Kọ̀ǹpútà ló to àwọn ojú dígí náà, àmọ́ ìdajì péré ló tò. Ìdajì kejì jẹ́ ẹ̀dà ti àkọ́kọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Apá tí ẹ bá wò nínú fèrèsé náà ní ẹnìkejì rẹ̀ níbòmíràn. Ojú kì í tètè rí i, síbẹ̀ ó ń mọ̀ pé nǹkan kan so ó pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé "wọ́n kàn da àwọ̀ sílẹ̀ ni" kò tíì fara balẹ̀ wá ẹ̀dà yìí.

Ìkẹta, ní ibi díẹ̀ tí àwọn ojú dígí ti to ara wọn bí ẹni pé wọ́n ń kọ nǹkan tí èèyàn lè kà, Richter fọwọ́ yí wọn padà. Ṣé ó ti ṣe màgòmágó nìyẹn? Àwọn kan gbà pé ó ṣe é. Ojú tí a fi ń wò ó ni pé ohun tó ń wá ni fèrèsé tí kò sọ nǹkan kan pàtó, bí kèké bá sì ṣèèṣì kọ nọ́ńbà sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn á máa bi ara wọn léèrè ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí. Ohun tó burú ni kí èèyàn fọwọ́ yí nǹkan, kó sì sọ fáyé pé òun ò fọwọ́ kàn án. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú náà nígbà yẹn ò fẹ́ràn fèrèsé náà rárá, ó ní ó bá mọ́sálásí mu ju ibẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ ìta gbangba ṣe rí nìyẹn: àwọn tí kò yàn án náà ní láti máa wò ó.

Kèké kì í tò bí ojú ṣe ń fẹ́

Ẹ ní kí ẹnì kan fọwọ́ to táìsì aláwọ̀ márùn-ún sórí ilẹ̀, 10 níbùú, 10 lóròó, kó sì tò wọ́n "bó ṣe bá wá". Ẹ máa rí i pé kò ní fẹ́ fi pupa ti pupa. Tó bá ti fi búlúù síbì kan, á gbé búlúù kejì lọ sọ́nà jíjìn. Ó rò pé bí kèké ṣe ń ṣe nìyẹn. Kèké kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú àtẹ 10 sí 10, ibi 90 ni táìsì méjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní ìbú, ibi 90 mìíràn ní òòró, àpapọ̀ 180. Bí àwọ̀ bá jẹ́ márùn-ún, tí a sì ń ṣẹ́ kèké lákọ̀tun fún táìsì kọ̀ọ̀kan, àǹfààní kí méjì tó kan ara wọn jẹ́ àwọ̀ kan náà jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí fi hàn pé ká máa retí 36. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye náà á bọ́ sáàrin 25 sí 47. Tí ẹ bá ka ògiri kan tí wọ́n ní kèké ló tò, tí ẹ sì rí ìfarakanra 8 tàbí 10 péré, ọwọ́ èèyàn ti wọ ibẹ̀, tàbí òfin kan wà tí wọn ò sọ fún yín.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sanwó iṣẹ́ fi máa ń pariwo tí wọ́n bá rí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́: "Kí ló dé tí yẹ́lò mẹ́rin fi kó jọ sí igun yẹn?" Kó jọ ni kèké máa ń kó nǹkan jọ. Bí ẹ bá ta owó ẹyọ kan lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́nà ogún, ìyẹn ìgbà 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ojú kan náà á jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra níbì kan. Ó sàn kí oníṣẹ́ ọnà ti sọ èyí fáwọn oníbàárà kí wọ́n tó rí àtẹ, nítorí bí wọ́n bá ti rí i tán, àwáwí ni wọ́n máa ka àlàyé rẹ̀ sí.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kí àwọ̀ kan náà kan ara wọn, kò burú. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin: bí èyí tó jáde bá bá ti apá òsì tàbí ti òkè mu, ẹ tún un ṣẹ́. Pẹ̀lú àwọ̀ márùn-ún, ẹ ò lè há sáàrin, nítorí méjì péré ni òfin yìí lè yọ kúrò. Ògiri yín á sì fi ara balẹ̀. Àmọ́ kò ní ní ìyàlẹ́nu púpọ̀ mọ́, àwa ò sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: ó máa ń jọ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ògiri kèké, àti ibi tó ti ń bàjẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pinnu ni bóyá wọ́n á dá táìsì padà sínú àpò lẹ́yìn tí wọ́n bá mú un. Ó dà bí nǹkan kékeré, kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá kó táìsì 100 sínú àpò, 20 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ń mú wọn jáde láìdá wọn padà, iye tí ẹ rà gẹ́lẹ́ ni ẹ máa lò. Ọ̀nà tí Richter gbà ní 1974 nìyí, bí ẹ bá rántí 1,024 lẹ́ẹ̀mẹ́rin yẹn. Bí ẹ bá ń dá a padà, tàbí tí ẹ ń lo dáìsì, pupa lè jẹ́ 13, búlúù lè jẹ́ 27. Lórí ojú 100, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wà láàrin 12 sí 28. Ẹni tó bá ra 20-20 kó tó ṣẹ́ kèké á há sọ́nà. Ẹ ṣẹ́ kèké tán lórí ìwé, kí ẹ tó lọ ra táìsì, kí ẹ sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nítorí èyí tí yóò fọ́ àti èyí tí wọ́n á nílò fún àtúnṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àwọ̀ táìsì kì í bára mu délẹ̀délẹ̀ láti ìpele kan sí òmíràn ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, nítorí náà èyí tí ẹ bá rà lọ́dún márùn-ún sí i lè ṣì jọ ẹni tó ya aṣọ lò.

Àpò ní wàhálà tirẹ̀: wọn kì í pò ó dáadáa. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù lórí èyí kò tiẹ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1969, ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ́ kèké láti mọ ọjọ́ ìbí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n á kọ́kọ́ mú wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n fi ọjọ́ 366 sínú ike róbótó-róbótó, wọ́n sì ń dà wọ́n sínú àpótí lóṣooṣù. Àwọn oṣù ìparí ọdún ló wọlé kẹ́yìn, wọn ò pò ó tó, nítorí náà àwọn tí wọ́n bí ní oṣù Kọkànlá àti Ìkejìlá bọ́ sára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí nǹkan tó kan ẹ̀mí èèyàn bá lè rí bẹ́ẹ̀, àpò táìsì á ṣe bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe da àwọ̀ kan tán kí ẹ tó da òmíràn. Ẹ fi bébà pélébé tó rí bákan náà ṣojú fún táìsì, torí táìsì wúwo, ọwọ́ sì lè mọ èyí tó tutù tàbí tó ní ṣóńṣó.

Dáìsì rọrùn, àmọ́ ibẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Ẹni tó ní àwọ̀ 11 á mú dáìsì méjì, á sì ro nọ́ńbà wọn pọ̀, láti 2 dé 12. Ó rò pé àǹfààní wọn dọ́gba. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 6 ló ń mú 7 jáde, ọ̀kan péré ló ń mú 2 jáde, ọ̀kan péré náà fún 12. Àwọ̀ tó wà ní ipò 7 á fara hàn ní ìlọ́po mẹ́fà èyí tó wà ní ipò 2, àwọn àwọ̀ tó wà láàrin á sì gba ògiri mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó dọ́gba, ẹ lo dáìsì méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, kí ẹ ka ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìlà, kí èkejì jẹ́ òpó. Ẹ ó ní ipò 36 tó dọ́gba. Fún àwọ̀ márùn-ún, dáìsì kan tó: tí 6 bá jáde, ẹ tún un ta. Fún àwọ̀ mẹ́jọ, ẹ ta owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Olórin Amẹ́ríkà nì, John Cage, máa ń ta owó ẹyọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹfà kó lè yan ọ̀kan nínú ipò 64 inú ìwé ìwoṣẹ́ àtijọ́ kan ti àwọn ará Ṣáínà, ipò yẹn ló sì ń sọ fún un ohùn tó máa kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ alágídí ni, ojú iṣẹ́ kan lè gba ọ̀sẹ̀ gbáko.

Kọ̀ǹpútà ti mú ìnira yẹn kúrò, ó sì mú òmíràn wá. Kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́ kèké ní ti gidi. Ìṣirò ló ń ṣe láti orí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan. Ẹni tó bá fún un ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, pẹ̀lú ètò kan náà, èsì kan náà ló máa rí. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún iṣẹ́ tó máa pẹ́ níta, bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Àmọ́ ètò kọ̀ǹpútà ń yí padà, torí náà ẹ tẹ àtẹ náà sórí bébà pẹ̀lú.

Ewu tó tún wà nínú kọ̀ǹpútà ni pé ó yá jù. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, kò wù ú, á tún tẹ̀ ẹ́, títí di ìgbà ogójì. Ohun tó mú jáde nígbẹ̀yìn kì í ṣe iṣẹ́ kèké mọ́, ojú ara rẹ̀ ló yan án. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dáadáa ló jẹ́ kí kèké mú ogún wá, kí ojú mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ pinnu iye ìgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá dá ààlà fún ara rẹ̀ á máa yan ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí kó lè bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ti mọ̀ ló ṣe gbé kèké.

Wàhálà tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táìsì. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á rí pupa mẹ́ta tó kó jọ, á rò pé àṣìṣe ni, á sì bá yín tún un ṣe láìbéèrè. Ẹ kọ nọ́ńbà ìlà àti òpó sẹ́yìn táìsì kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn sínú páálí ní ìlà-ìlà, kí ẹnì kan dúró pẹ̀lú àtẹ lọ́wọ́ láti yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò kí símẹ́ǹtì tó gbẹ. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ ó ní láti fi ṣísẹ́lì tú u.

Nígbà tí omi, ìpẹtà àti èrò ọ̀nà bá dá sí i

Ní 1970, oníṣẹ́ ọnà Amẹ́ríkà nì, Robert Smithson, kó òkúta dúdú àti erùpẹ̀ sínú adágún Great Salt Lake ní Utah, ó fi wọ́n ṣe ọ̀nà kan tó ká bí ìgbín, tó gùn ní nǹkan bí mítà 460, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4 àti ààbọ̀. Omi adágún náà lọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Láàrin ọdún díẹ̀, omi kún, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tó fi wà lábẹ́ omi. Nígbà tó tún jáde ní nǹkan bí 2002, iyọ̀ ti sọ òkúta dúdú di funfun. Smithson ti kú ní 1973, kò rí i. Ìbéèrè tó wá kù fáwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni pé: ṣé kí wọ́n gbé e ga sí i kí omi má bàa bò ó mọ́, àbí omi ni oníṣẹ́ ọnà kejì? Ẹni tó bá máa fi iṣẹ́ sí ojú omi tàbí ojú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn irú ìbéèrè yìí lójú ayé rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Irin Corten, irin tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó dípẹtà, jẹ́ ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà fún ojú ọjọ́ láyè. Kọ́pà àti kúrómíọ̀mù díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìpẹtà náà ki, kó sì di awọ tó ń dáàbò bo irin tó wà lábẹ́. Bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa rí níbi kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ òjò àti oòrùn ló wà. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń béèrè: kó máa rin, kó sì máa gbẹ, léraléra. Níbi tí omi bá ti dúró sí lára rẹ̀, awọ yẹn kì í dúró, irin á máa jẹ lọ títí tí yóò fi lu. Létí òkun, iyọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà, gbogbo ojú tó tẹ́jú gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀, gbogbo kọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò tí omi á gbà jáde. Ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, omi pupa á máa ṣàn kúrò lára rẹ̀. Bí kọnkéré funfun bá wà nísàlẹ̀, àbàwọ́n náà kò ní kúrò. Wọ́n máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá sí i.

Èèyàn ló ṣòro fojú sọ́nà fún jù. Ní 2009, Antony Gormley gba pèpéle ère kan tó ṣófo ní Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní kí àwọn ará ìlú fúnra wọn jẹ́ ère. Wákàtí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru, fún 100 ọjọ́: ènìyàn 2,400. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 30,000, kọ̀ǹpútà ló sì ṣẹ́ kèké láàrin wọn. Ohun tó bá wu oníkálukú ló lè ṣe níbẹ̀, bí kò bá ti tàpá sófin, kó sì gbé ohun tó bá lè dá gbé gòkè. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni tí kèké mú tó gòkè, ẹnì kan tó ń fẹ̀hónú hàn ti fò sórí pèpéle náà. Gbogbo ètò kèké, àkọsẹ̀bá tí ẹnikẹ́ni ò pè ló ṣíwájú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọn ò fi sílẹ̀ fún kèké níbẹ̀, síbẹ̀: àwọ̀n tó yí pèpéle ká, kí ẹni tó bá yẹ̀ má bàa dé ilẹ̀.

Ibi tí wọn kì í ti gba èèṣì láyè

Ìdè, ìpìlẹ̀, iná mànàmáná, àti ohun tó lè wó lu èèyàn: àwọn wọ̀nyí ò sí nínú àpò kèké. Afẹ́fẹ́ ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ, nítorí pé agbára rẹ̀ ń yára pọ̀ sí i ju bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i lọ. Tí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní kìlómítà 72 láàrin wákàtí kan, ó ń ti ojú pẹrẹsẹ pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 25 lórí mítà onígun-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ní kìlómítà 144, ó di kílò 100. Pátákó tó fẹ̀ ní mítà onígun-mẹ́rin 6 ń gba kílò 600 nìyẹn, kí ẹnjiníà tó fi ti ìrísí rẹ̀ àti àlékún ààbò sí i.

Christo àti Jeanne-Claude, tí wọ́n máa ń fi aṣọ ńláńlá ṣiṣẹ́ níta, mọ èyí dáadáa. Aṣọ ìkélé kan tí wọ́n fẹ́ ta kọjá àfonífojì kan ní Colorado ya mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1971. Wọ́n padà ta á ní oṣù Kẹjọ 1972, wákàtí 28 péré ló lò tí ìjì fi lé wọn kúrò. Ní oṣù Kẹwàá 1991, wọ́n ṣí agboòrùn ńlá lẹ́ẹ̀kan náà ní orílẹ̀-èdè méjì: 1,340 ní Japan, 1,760 ní California, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mítà 6. Ní California, ìjì fa ọ̀kan tu, ó sì pa obìnrin kan tó wá wòran. Wọ́n pa gbogbo wọn dé lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tú wọn ní Japan, apá kẹ̀rẹ́ìnì kan kan wáyà iná, òṣìṣẹ́ kan sì kú.

Walter De Maria gbé òpó irin 400 kalẹ̀ ní aginjù New Mexico ní 1977, lórí ilẹ̀ tó gùn ní máìlì 1, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà 1. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ máa ń retí mànàmáná, tí kì í sábà kan òpó kankan. Ohun tí wọ́n ń bá níbẹ̀ dájúdájú ni pé ilẹ̀ náà gbun, gíga òpó sì yàtọ̀ síra láti kárí gbígbun rẹ̀, débi pé ṣóńṣó gbogbo wọn wà lórí ìlà kan náà. Òpó ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún àkọsẹ̀bá. Ojú ọ̀run nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ kèké tó máa wà níta, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan mẹ́rin lákọsílẹ̀: òfin tí wọ́n fi ṣẹ́ kèké pẹ̀lú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àtẹ ìkẹyìn lórí bébà, àwọn àyípadà tí oníṣẹ́ ọnà gbà (ìpẹtà, iyọ̀, koríko) àti àwọn tí kò gbà (lílà, ìkọkúkọ, ọ̀dà tó ṣí), àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí apá kan bá jábọ́. Orí èyí tó kẹ́yìn yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Bí táìsì kan bá fọ́, ṣé kí wọ́n wo àtẹ kí wọ́n fi àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ síbẹ̀, àbí kí wọ́n tún kèké ṣẹ́? Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé àtẹ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ògiri náà máa yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún, oníṣẹ́ ọnà ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kó sì fi dáìsì tí wọ́n máa lò sínú páálí kan náà pẹ̀lú àwọn táìsì tó ṣẹ́kù.